Ìyá Adé Kì í Kí Ènìyàn Mọ́ Lọ́jọ́ Ìsinmi

Póòpù Ilare ni a máa ń pè é lẹ́yìn, àwọn tó láyà a sì máa pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ánsẹ́lẹ́mù Láoyè, bàbá tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Ilare, níbi tí wọ́n bí i sí, tí wọ́n sì bí bàbá rẹ̀ sí. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ yẹ kòkó wò kí wọ́n tó kó o lọ sí Èkó. Yóò fi ọ̀bẹ la kóró kòkó, yóò wo inú rẹ̀, yóò gbé e sí imú. Bó bá ti bu, tàbí tí kò gbẹ tó, àpò náà ń padà sóko nìyẹn, kì báà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń yẹ ìsìn Ọlọ́run wò.

Ọmọ Àgùdà ni wá, èmi àti òun. Ṣọ́ọ̀ṣì Ánà Mímọ́ ní Òkèrèwè la jọ ń lọ. Èmi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo fẹ́ràn ìlù, mo fẹ́ràn àtẹ́wọ́, bí orin ìdúpẹ́ bá sì dùn, ẹsẹ̀ mi kì í dúró lójú kan. Nítorí náà, ẹ má rò pé ẹni tó ń gbè sẹ́yìn Bàbá Láoyè ló ń sọ ìtàn yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa, ẹnu mi sì mú díẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ bá a jiyàn, tí a ó máa pariwo mọ́ra wa títí ìyàwó rẹ̀ yóò fi gbé omi tútù wá fún àwa méjèèjì.

Ohun tí bàbá ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ, pé ìbẹ̀rù Olúwa ti dín kù nínú ilé Olúwa. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Làtínì ni wọ́n fi ń ṣe Míísà. Fadá a kọ ẹ̀yìn sí ìjọ, a kọjú sí pẹpẹ, ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì a sì pa rọ́rọ́. Bàbá wà lára àwọn ọmọkùnrin tó ń ran Fadá lọ́wọ́ nídìí pẹpẹ, ó sì ti ń dáhùn ní Làtínì kó tó mọ ìwé Yorùbá kà dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n yí Míísà padà sí Yorùbá, ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀, nítorí ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ mọ ohun tí Fadá ń bá Ọlọ́run sọ láti ọjọ́ yìí wá. Bàbá náà sunkún lọ́jọ́ kan náà. Tirẹ̀ kì í ṣe ti ayọ̀.

"Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n," ló máa ń wí fún mi. "Tí wọ́n bá gbé Ara Olúwa sókè nígbà yẹn, eṣinṣin ò gbọdọ̀ fò."

"Bàbá, eṣinṣin ìgbà yẹn náà ń fò."

"Eṣinṣin ìgbà yẹn lẹ́kọ̀ọ́."

Síbẹ̀, kò fi ìjọ sílẹ̀. A gbọ́ pé àwọn kan ń bẹ ní ìlú mìíràn tí wọ́n bínú kúrò nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí, tí wọ́n ń dá ṣe tiwọn nínú yàrá. Bàbá ní òun kò lè ṣe é, pé ta ni òun fẹ́ fi Olúwa òun sílẹ̀ fún? Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń wá, nínú bùbá funfun tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ̀. Bí Fadá bá ní kí Olúwa wà pẹ̀lú wa, tí gbogbo wa dáhùn ní Yorùbá, ẹ ó gbọ́ ohùn kan lábẹ́lẹ̀ tó ń wí pé *Et cum spiritu tuo*. Bí ìlù bá bẹ̀rẹ̀, bàbá yóò pa ojú dé. Bí wọ́n bá ní ká bọ ara wa lọ́wọ́, yóò tẹrí ba fún tọ̀tún tòsì, yóò sì tún pa ojú dé.

Ibi tó ti wá le jù ni ti Ara Olúwa, búrẹ́dì mímọ́ tí a ń gbà ní Kọmúníọ̀n. Àwa yòókù ń tẹ́ ọwọ́ gbà á lóròó ni. Bàbá ń kúnlẹ̀, ó ń la ẹnu, Fadá ń fi í sórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbà pé ọwọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù ti fi òróró yà sí mímọ́ nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kan ohun mímọ́ yìí, ìyẹn ọwọ́ Fadá. Ṣùgbọ́n ìjọ wa pọ̀, Fadá kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà wọ́n yan nínú àwa ọmọ ìjọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn tí yóò máa bá a pín in. Bí ìlà tí bàbá tò sí bá já sí ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, yóò yà kúrò, yóò gba ẹ̀yìn àga rìn yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, yóò lọ tò sọ́dọ̀ Fadá. Nígbà mìíràn, kó tó débẹ̀, Fadá ti bọ́ sí apá kejì, bàbá náà a sì tún padà. Àwa akọrin a máa wò ó láti òkè, a ó fi ìwé orin bo ẹnu, a ó máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá wo ohun tí Fadá Oyèbánjí ṣe. Ọ̀dọ́ ni Fadá yìí, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó fẹ́ fi kún àwọn tó ń bá a pín Ara Olúwa, ó wo gbogbo ìjọ yíká, ó mú Ìyá Adé. Ìyá Adé yìí ni ìyàwó Bàbá Láoyè. Ìkẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀, Adéolúwa sì ni àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Mi ò rò pé Fadá fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá ní kí n mú ẹnì kan nínú ìjọ wa tí mo lè fi ẹ̀mí mi lé lọ́wọ́, Ìyá Adé náà ni màá mú.

Ó lọ sọ fún ọkọ rẹ̀. Iṣu ni bàbá ń jẹ lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó nu ọwọ́, ó wá ní, "Ìwọ àti Fadá lẹ mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí Ìyá Adé dúró níwájú nínú aṣọ funfun, ọ̀gangan àga ọkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi í sí. Bàbá dìde pẹ̀lú àwọn ará àga rẹ̀. Ó tò, ó rìn síwájú díẹ̀. Ó ku èèyàn bíi mẹ́ta kó kàn án ló yà, tó gba ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ Fadá. Mi ò fi ìwé orin bo ẹnu lọ́jọ́ yẹn. Mo wo ojú Ìyá Adé. Ojú náà kò yí padà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó mú tẹni tó kàn.

Wọn ò jà nílé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn ni wọ́n. Bí bàbá bá lọ sí àdúgbò Mayfair, kì í padà láìra bọ̀ọ̀lì bọ̀ fún un, yóò sì fi ìwé ìròyìn wé e yíká yíká kó má baà tutù. Ìyá náà kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ aṣọ ọkọ òun. Ọ̀rọ̀ Ara Olúwa yìí ni wọ́n kàn gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń bá ayé wọn lọ.

Òjò ọdún tó kọjá ló wá bà á jẹ́. Bàbá jáde sẹ́yìnkùlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ tó wà létí kànga yọ̀ ọ́, ó ṣubú, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá, wọ́n fi irin sí i, wọ́n sì ní kó má fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ títí tí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ilé, ọrùn mi ni ìtọ́jú rẹ̀ bọ́ sí. Bàbá kì í ṣe aláìsàn tó rọrùn. Bí mo bá mú òwú tí mo fẹ́ fi nu ojú ọgbẹ́, ó ní láti gbà á lọ́wọ́ mi kọ́kọ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ọjọ́ kan ni mo jágbe mọ́ ọn pé, "Bàbá, òwú ni, kì í ṣe kòkó!" Ó rẹ́rìn-ín títí itan fi dùn ún.

Fadá wá kí i. Ó fi òróró kùn ún, ó fún un ní Ara Olúwa, inú bàbá sì dùn kọjá ààlà. Nígbà tí Fadá fẹ́ máa lọ, ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé àwọn ìjọ abúlé pọ̀ lọ́rùn mi. Bí oṣù bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ni màá máa wá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn olùpín ló ń gbé e lọ fáwọn aláìsàn. Ìyá Adé ló ni Ilare."

"Màá dúró dè yín, Fadá."

"Bàbá, Ìyá ń gbé inú ilé yìí kan náà."

"Màá dúró dè yín."

Fadá wo ìyá, ìyá wo ilẹ̀, Fadá sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Míísà, Ìyá Adé a gba Ara Olúwa lọ́wọ́ Fadá, nínú agolo wúrà pẹlẹbẹ kan tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Yóò fi í sínú àpò funfun kékeré, yóò gbé e kọ́ ọrùn. Yóò rìn láti Òkèrèwè wá sí Ilare, yóò yà lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn méjì tó kù ládùúgbò, yóò wá wọlé ọkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo máa ń wà níbẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni mo ń wẹ ọgbẹ́ bàbá. Ìyá a tẹ́ aṣọ funfun sórí àpótí, a tan àbẹ́là, a kúnlẹ̀, a gbàdúrà. Yóò dìde, yóò gbé Ara Olúwa sókè, yóò ní, "Ara Kristi."

Bàbá kò ní la ẹnu. Omi a máa dà lójú rẹ̀, àmọ́ kò ní la ẹnu. "Ìyá Adé, jọ̀ọ́," ni yóò kàn wí, a sì yí ojú sí ògiri.  Ìyá yóò rọra dá a padà sínú agolo, yóò pa àbẹ́là, yóò gbé àpò kọ́ ọrùn, yóò sì tún mú ọ̀nà Òkèrèwè pọ̀n, nínú oòrùn ọ̀sán, láti gbé e padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Inú bí mi. Mo bí i léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń fìyà jẹ ara rẹ̀ lásán.

"Fadá ní kí n gbé e lọ fún àwọn aláìsàn Ilare," ó ní. "Ọkọ mi jẹ́ aláìsàn ní Ilare."

"Bàbá ò sì fẹ́ ẹ, Ìyá."

"Wọ́n fẹ́ ẹ. Èmi ni wọn ò fẹ́ kó tọwọ́ mi wá." Ó ká aṣọ tó fi bo àpótí, ó tún un ká. "Nọ́ọ̀sì, mi ò ní kí wọ́n fẹ́ràn ìlù. Mi ò ní kí wọ́n gbàgbé Làtínì wọn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Àgbàlagbà tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí wọ́n má lọ kú láìgba Olúwa, kó sì wá jẹ́ nítorí tèmi."

 Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́, mo ti rí irú wọn tí wọn ò dìde mọ́. Nígbà tí oṣù tuntun dé, Fadá kò lè wá, òjò ti ba afárá tó lọ sí àwọn abúlé jẹ́, ó sì há sọ́hùn-ún, àmọ́ Ara Olúwa tó ti yà sọ́tọ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn olùpín láti máa gbé. Bàbá ń rù. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ebi ń pa mí." Mo ti dìde láti lọ bu oúnjẹ, ó mi orí. Ó ní látọmọdé òun, òun kò pa Kọmúníọ̀n jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi méjì tẹ̀lé ara rí, àfi nígbà tí ibà gbé òun dè. Ebi ohun tí wọ́n ń gbé wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń pa ọkùnrin yìí, mo sì fẹ́ gbá a létí, bí kò bá ṣe pé àgbà ni.

Ohun kan wà tí èmi kò mọ̀, nítorí inú ilé ni mo máa ń wà. Gbogbo Ilare ti ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Ìyá Adé jẹ́. Kò sí ẹni tó ń kí èèyàn bíi tirẹ̀ ní Ilare. Ó ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀ pé ó kú iṣẹ́, ó ń kí ẹni tó jókòó pé ó kú ìjókòó. Yóò béèrè ìyá ẹni, yóò béèrè ọmọ ẹni, yóò béèrè ikọ́ tí ọmọ náà ń wú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó bá jáde lọ ra iyọ̀, ọbẹ̀ lè jóná kó tó dé. Obìnrin yìí kan náà ló wá ń gba àárín Ilare kọjá lọ́jọ́ Ìsinmi láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, ọwọ́ méjèèjì láyà. Hàlímàt tó ń ránṣọ ní ìkóríta kí i pé ẹ kú àbọ̀, mà. Kò dáhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń háyà yàrá lẹ́yìn ilé mi dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò dáhùn. Yóò wọ ilé ọkọ rẹ̀, kò ní pẹ́ yóò tún jáde, ojú rẹ̀ yóò ti pọ́n, yóò sì tún dákẹ́ gba ọ̀nà tó bá wá padà lọ.

Bó bá di ọjọ́ Ajé, ó tún ń kí gbogbo ayé bó ti ń kí wọn. Nígbà tí Hàlímàt bi í, kò ṣàlàyé. Ó kàn ní, "Má bínú, ọmọ mi, mi ò lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn ni." Bó bá sọ ohun tó ń gbé, wọ́n á bi í bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbà á, kò sì ní tú àṣírí ọkọ rẹ̀ síta. Ilare kúkú ti dá ẹjọ́ tiwọn. Ìjà ni. Bó ṣe ń wọlé ni wọ́n ń jà, bí wọ́n bá ti jà tán ni ó ń jáde lọ fẹjọ́ ọkọ sun Fadá. Àwọn àgbà ní àbùkù ni kí tọkọtaya àgbà máa jà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ wà ní ìdùbúlẹ̀ àìsàn, pé kí ẹnì kan lọ bá wọn dá sí i.

Alhájì Abdulwaheed ni wọ́n rán. Òun ló ni ìsọ̀ pákó tó wà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò, òun àti bàbá sì ti jọ ń ṣe ọ̀rẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́. Ó dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó gbé ọsàn dání. Mo ń di ẹsẹ̀ bàbá lọ́wọ́, Ìyá Adé sì wà lọ́jà. Alhájì ṣàdúrà fún aláìsàn, ó jókòó, ó wò mí, ó wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí n dìde.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó," bàbá wí. "Ara ilé ni."

"Bàbá Adé, mo wá bá yín parí ìjà ni."

"Ìjà wo?"

"Tiyín àti ìyàwó yín. Ẹ máà fi bò mí. Ó ń gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá lọ́jọ́ Ìsinmi, mo kí i, kò dáhùn. Mo tún kí i nígbà tó ń padà, kò dáhùn. Ìyá Adé! Ẹni tó máa ń kí ewúrẹ́ mi!"

Bàbá kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo ní láti di itan rẹ̀ mú.

"Alhájì, kì í ṣe ìjà. Ohun tó gbé kọ́rùn ni. Ẹ rí i, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí Fadá bá ń gbé Ara Olúwa lọ fún aláìsàn, èmi ni mo ń lu agogo kékeré níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ agogo a kúnlẹ̀. Fadá kì í kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kì í kí Fadá. Ẹni tó gbé Olúwa dání kò gbọdọ̀ dúró kí ọba pàápàá!" Ojú rẹ̀ ń tàn, ó gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. "Wọn ò ṣe é mọ́ láyé ìsinsìnyí. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Mi ò mọ̀ pé Ìyá Adé ń ṣe é. Ṣé ẹ̀ ń sọ pé kò kí yín rárá?"

"Kò wo ibi tí mo wà."

"Ẹ ò rí i!" bàbá wí, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé Alhájì yin ọmọ rẹ̀.

Alhájì mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó ti yé mi. Ohun mímọ́ ni, ọ̀wọ̀ ló ń bù fún un. Ó dára. Ta ló wá ń gbé e wá fún?"

"Àwọn aláìsàn. Ìyá àgbà kan ń bẹ nílé Awóyẹmí, bàbá kan ń bẹ lókè lọ́hùn-ún. Àti èmi."

"Ó dára. Bó bá fún yín tán, kí ló dé tí kì í fi í kí wa nígbà tó bá ń padà? Ṣé kò tíì jíṣẹ́ tán ni?"

Mo rántí bí yàrá náà ṣe rí. Ìbéèrè náà mọ́ lẹ́nu Alhájì, kò ní ẹ̀tàn kankan nínú. Bàbá wo òrùlé. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ rọra lọ.

"Ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ ni," ó wí níkẹyìn.

"Kí ló fà á?"

"Èmi ni mi ò gbà á. Ìyá Adé kì í ṣe Fadá. Ọwọ́ Fadá ló yẹ kó ti wá."

"Ẹ dá a padà?"

"Mo dá a padà."

"Láti ìgbà tó ti ń bọ̀?"

Bàbá yí ojú sí ògiri. Alhájì dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. "Èmi ò mọ ẹ̀sìn yín, Bàbá Adé, mi ò lè dá sí i. Mo kàn wá parí ìjà ni. Ìjà wà lóòótọ́. Ìyàwó yín kọ́ lẹ wá ń bá jà."

Ó kí mi pé mo kú ìtọ́jú, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ni bàbá yí ojú sí mi.

"Nọ́ọ̀sì, àwọn olùpín yòókù náà kì í sọ̀rọ̀ lọ́nà bí?"

"Bàbá, ọ̀kan wà tó máa ń dáhùn fóònù lórí ọ̀kadà."

"Ta ló wá kọ́ Ìyá Adé?"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni? Ìtàn agogo yìí, èmi nìkan ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà."

Ó pa ojú dé. "Mo rò pé kì í gbọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́, ẹ̀gúsí ló ń bó."

Kò sọ nǹkan kan fún ìyàwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó ní kí n fá irùngbọ̀n òun, kí n wọ bùbá funfun fún òun. Ó tún ní kí n ràn án lọ́wọ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kúnlẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn pé bó bá gbé orúnkún kan kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, màá bá ilé mi lọ, Olúwa tó dá itan mọ̀ pé ó ṣẹ́. Ó gbà. Mo kó ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, ó jókòó gbọnrangandan.

"Mi ò yí padà lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ o," ó wí fún mi. "Mo ṣì ń sọ ọ́, ọwọ́ Fadá ló yẹ. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí obìnrin yẹn tún dákẹ́ padà lọ."

Ìyá Adé wọlé. Ó rí bùbá funfun náà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀.  Ó tẹ́ aṣọ, ó tan àbẹ́là, ó kúnlẹ̀. Nígbà tó kan ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ ní Làtínì, *Confiteor Deo omnipotenti*, ó ń lu àyà. Tìyá ló kọ́kọ́ tán. Ó dúró dè é títí tó fi parí.

Ó dìde, ó gbé Ara Olúwa sókè. "Ara Kristi."

"Àmín," bàbá wí, ó la ẹnu, ó yọ ahọ́n jáde bí ọmọdé.  Ìyá rọra gbé e sí i lórí ahọ́n. Bàbá pa ẹnu dé, ó pa ojú dé, omijé sì ń gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ wá sílẹ̀. Èmi tí mo pe ara mi ní ẹlẹ́nu mímú, orúnkún mi ti wà nílẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

Ìyá da omi díẹ̀ sínú agolo náà, ó ṣàn án, bàbá sì mu omi náà.  Lẹ́yìn náà ni bàbá mú ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé e sí ètè.

"Ìyá Adé, kò kù nínú rẹ̀ mọ́, àbí?"

"Kò kù," ìyá wí.

"Ó dáa. Máa gbé agolo ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún wọn. Lọ kí àwọn èèyàn."

Ó jáde. Bàbá ní kí n ṣí fèrèsé sílẹ̀ dáadáa. A gbọ́ ọ létí ilé mi, ó ń kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. A gbọ́ ọ ní ìkóríta, ó ń pe Hàlímàt, Hàlímàt sì ń dáhùn tayọ̀tayọ̀. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè ni bó ti ń jìnnà, ó ń kí ẹni tó jókòó, ó ń kí ẹni tó dúró, ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè ìyá. Nígbà tó dé iwájú ìsọ̀ pákó, a gbọ́ Alhájì tó figbe ta pé, "Àlhàmdúlíláàhì! Bàbá Adé ti gbà á!"